Mo-ti-mọ̀ Bi Olè Léèrè Ọ̀nà

Àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ bú u, kó má bú u lójú mi o, torí èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè bi èèyàn ní ìbéèrè. Bí o bá fẹ́ fọ̀nà hàn án, á ní, "Mo ti mọ̀," kódà bó bá ti ṣìnà wọ àgbàlá alágbàlá. Bó ṣe di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ká sòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Àwòrán ilé ló ń yà, kò sì sí ilé tó yà rí tí oòrùn òwúrọ̀ kì í wọ̀. Ìdílé wa máa ń gbéra ga, ó sì yẹ wá! Ó tún wá fẹ́ ìyàwó gidi. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni ìyàwó wa, ó mọ̀ ọ́n débi pé àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́, àmọ́ ohun tí àbúrò mi ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé tuntun sí àdúgbò wa, ìgbìmọ̀ ní kí àwọn ayàwòrán ilé mú iṣẹ́ wọn wá, kí àwọn lè mú èyí tó dáa jù. Mo-ti-mọ̀ ya tiẹ̀, ó sì pè mí wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibí. Ibí làwọn ọmọdé á ti máa kàwé. Àtẹ̀gùn yìí ò ga, kó má baà ni àwọn àgbà lára."

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá wa ò wọ ilé ìkàwé rí títí ó fi kú, ọmọ rẹ̀ ló wá ń ya ọ̀kan yìí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ gba ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní oríṣiríṣi àwòrán pákó tó fẹ́ fi ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ nínú. Ètò náà bi í ní ìbéèrè rẹpẹtẹ, kò ka ọ̀kankan, ó kàn ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ ràì. Láti ìgbà náà, bíráúsà tó fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Ó wá iye tí wọ́n ń ta síméńtì, ìpolówó oògùn tó ń mú irun hù ló jáde. Ó wá ilẹ̀kùn onígíláàsì, oògùn irun náà ni. Orí àbúrò mi ọ̀hún sì rèé, ó pá kodoro!

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Mo ti mọ̀. Màá wá oògùn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti jí gbà mọ́ yín lọ́wọ́ yẹn? Àwọn olè náà ló máa dá yín lóhùn o. Ẹ lo fóònù mi."

"Ìyá àwọn ọmọ, lọ sinmi."

Ló bá béèrè lórí bíráúsà yẹn náà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jáde ni ètò kan tó ní òun ń gbá kòkòrò inú kọ̀ǹpútà dànù. Ó gbé e wọlé. Àmì aláwọ̀ ewé yọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ti mọ́ tónítóní, oògùn irun sì sinmi díẹ̀. Áà, àbúrò mi fọwọ́ sọ̀yà! Kò mọ̀ pé òun bi olè pé níbo ni ọlọ́pàá wà, olè sì ti wọ ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ láṣọ ọlọ́pàá, ó rán an wá.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, èmi náà múra, mo lọ jókòó níwájú. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi kó àwòrán rẹ̀ sí, ó ṣí bíráúsà lórí kọ̀ǹpútà tó gbé dání kó lè fi hàn wọ́n lára ògiri. Ohun tí gbogbo wa rí ni: BÀBÁ OLÓRÍ PÍPÁ, ÌTÌJÚ RẸ TI DÓPIN!

Yàrá dà rú fún ẹ̀rín. Alága, tí orí tiẹ̀ náà pá, fọwọ́ kan àtàrí.

"Ta ni wọ́n ń bá wí?"

Akọ̀wé wọn ṣàánú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wá lo kọ̀ǹpútà tiwa."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde pariwo pé kó gbà, ṣùgbọ́n ó ti dáhùn: "Rárá, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é." Bó ṣe ń pa ìpolówó kan dé ni méjì ń yọ. Òógùn bò ó. Nígbà tó yá, alága ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àkókò yín ti tán. Ẹ pe ẹni tó kàn." Wọn ò rí àtẹ̀gùn kankan, wọn ò rí ibi tí àwọn ọmọdé á jókòó sí. Ó dùn mí wọnú egungun.

Nígbà tá a délé, ìyàwó wa ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fóònù rẹ̀ ló fi lọ ka ìtọ́ni àwọn tó ṣe bíráúsà náà gan-an. Ó yọ ayédèrú agbálẹ̀ yẹn kúrò, ó yọ ètò pákó tó mú wàhálà wọlé, ó tú àwọn àfikún tí wọ́n so mọ́ bíráúsà dànù, ó sì dá ojú ìwé àkọ́kọ́ padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkọ òun pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ìrẹsì tí mo gbé kaná kò tíì jinná tó fi parí. Mo yangàn, mo ní ìyàwó wa nìyẹn!

Àbúrò mi ń wò ó. "Ṣé kò ju báyìí lọ?"

"Kò ju báyìí lọ."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù. Àwòrán ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ilé ìkàwé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga fíofío, àwọn àgbà ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dókè. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti àbúrò mi ń kọjá níwájú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin fà á lọ́wọ́: "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ya ilé yìí?" Mo-ti-mọ̀ wo àtẹ̀gùn gíga yẹn, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, a kọjá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ fi kọ́gbọ́n. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹ fi tèmi kún un: ẹni tó bi olè léèrè ọ̀nà, ilé olè ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ bi yín kẹ́ ẹ tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Bí wọ́n bá jí i gbà mọ́ yín lọ́wọ́, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ ti wá oògùn rẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín yangàn o, àwa náà ń yangàn nílé wa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ń bá yín gbélé, ẹ bi í léèrè kí iṣẹ́ ọwọ́ yín tó di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí.