Ajá Ẹnu Géètì

Ẹ yé kọ "ẹ kú ìrọ́jú" sábẹ́ fọ́tò ìyá mi.

Fáòsíà, olùkọ́ ajá, mú ajá kan wá fún wa nílé wa ní àdúgbò Madina.

Mo so ó mọ́ géètì. Ilé tí ajá bá wà, màláíkà kì í wọ̀ ọ́.

Fáòsíà ń bẹ̀ mí: "Bùrọ̀dá Hameed, ẹ tú u. Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo lajá ní ju kó lé olè?"

Láàárọ̀ àná, ìyá mi ń lọ mọ́sáláṣí. Ajá ń fa ṣéènì, ó ń ké. Mo sọ bàtà lù ú.

Inú gọ́tà la ti gbé òkú ìyá.

Ìyá mi ò ríran. Ajá yẹn ni Fáòsíà kọ́ láti máa mú un yẹ gọ́tà.

Ojú tí wọ́n fún un ni mo so mọ́ géètì.