Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rí Ìràwọ̀ Onírù

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fẹ́ kéde orúkọ ìràwọ̀ onírù tuntun náà. Orúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni wọ́n máa ń fún un. Orúkọ ọmọbìnrin kan ló wà nísàlẹ̀ ìwé tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn wákàtí méjì ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ tirẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá fọwọ́ sí ìwé níṣojú òṣìṣẹ́ wọn kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni ín.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ náà dé. Ìyá ọmọ náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì tún tì í padà. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé pálọ̀. Ooru mú.

"Ìyá, ọmọ yín ni mo wá rí."

"Kò lè jáde. Ẹ mú ìwé wá, màá bá a fọwọ́ sí i."

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ó ti rẹ̀ yín, ó ti ní láti rẹ òfin náà pẹ̀lú."

Ó jókòó. Ó béèrè ibi tí ìràwọ̀ náà wà lójú ọ̀run àti bí ìrù rẹ̀ ṣe gùn tó. Ìyá dá a lóhùn láìwo ìwé kankan. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kì í sùn.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní padà wá mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nirú èyí ń kọjá."

Ìyá mi orí.

"Ìgbà wo lọmọ yín jáde kẹ́yìn?"

"Ó di ọdún mẹ́ta."

Òógùn bo òṣìṣẹ́ náà. Òun náà bímọ obìnrin. Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn ìyá, ó wo ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní títì.

"Ìyá, wọn kì í ti ọmọ mọ́lé bí ewúrẹ́. Ẹ ṣí i, àbí kí n pe ọlọ́pàá?"

"Ọlọ́pàá ò lè mú un jáde, ọmọ mi."

"Ẹ ṣí i, mà!"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù. Ìyá bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí i.

Nínú yàrá náà, ibùsùn wà ní títẹ́, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run dúró lójú fèrèsé, jígí ojú ìyá wà lórí ìwé àkọsílẹ̀ alaalẹ́ tí wọ́n kọ dé àná, àwòrán ọmọbìnrin kan sì wà lára ògiri, wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀, tó ti pé ọdún mẹ́ta, sí abẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà jókòó sí etí ibùsùn, ó sì fi ọwọ́ òsì, kó má bàa jọ ìkọ̀wé tirẹ̀, kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé tó gbé wá.