Ọ̀rọ̀ Onílẹ́tà Mẹ́rin Tó Ba Ayé Evelio Jẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n" kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

1.

Evelio Caal, ará Fronteras létí odò Río Dulce ní Guatemala, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé méjì péré ló wà láàárín ilé tiwa àti tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn òyìnbó tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi tọ́jú ọkọ̀ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kì í sì í jalè. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, òun ni yóò bá yín parí rẹ̀.

Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó sì gbà pé ó ti parí síbẹ̀. Hortensia ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó kan náà, ò rò bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bí Hortensia ṣe ń yí tòtíyà, àkàrà àgbàdo wọn, lórí iná, ó ní:

"Bàbá Yesenia, ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú Gẹ̀ẹ́sì yìí o. Àwọn kéékèèké ni. Ẹ wo 'run'. Ènìyàn ń 'run', ó ń sáré nìyẹn. Omi ẹ̀rọ ń 'run', ó ń dà. Imú tó ń ṣomi náà, wọ́n ní ó ń 'run'! Ẹ tún wo 'fast'…"

"'Fast' ni kíá! Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán ná. Àwọn oníwàásù tó wá lọ́jọ́sí ní ààwẹ̀ ni. Ó sì tún…"

"Lẹ́tà mẹ́rin péré! Ṣé ọ̀rọ̀ ni àbí oyún ìbẹta?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fìlà rẹ̀, ó ti dé ìta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí kò dúró gbọ́ nìyí: lẹ́nu àwọn atukọ̀, "fast" ni kí nǹkan so pinpin, kó má lè tú.

2.

Oníbàárà rẹ̀ tó dára jù ni Màmá Winifred, opó kan láti ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní ni ilé rẹ̀. Kò ní òmíràn níbikíbi láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Màmá ní kí Evelio bá òun mú ọkọ̀ kúrò láàárín odò wá sí èbúté. Màmá ń tukọ̀. Evelio di okùn mú níwájú. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ èbúté, ó fò sórí pákó.

"Make it fast!" Màmá kígbe. Kó dè é pinpin ló ń wí.

Evelio gbọ́ "yára". Ó sì yára lóòótọ́! Ó wé okùn mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ta kókó, ó ti sáré lọ sí ìdí ọkọ̀ láti mú okùn kejì.

Ọkàn Màmá ò balẹ̀. Ó yọrí. "Is it fast?" Ṣé ó ti so?

Ìbéèrè yẹn rú Evelio lójú díẹ̀. Kí ló ń béèrè ìyára sí? Ó ṣe é bíi kó ní, "Màmá, kí lẹ ń wí?" Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó na àtàǹpàkò sókè.

"Yes! Very fast!"

Màmá pa ẹ́ńjìnnì.

3.

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ yìì. Okùn tú bí òwú. Ọkọ̀ ńlá náà yí ìdí padà, ó kọrí sí apá òsì èbúté, níbi tí Rigo, àbúrò Hortensia, ti ń kó ẹja kúrò nínú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Okùn! Ẹ fa okùn!"

Evelio fò mọ́ okùn náà, okùn bó o láwọ ọwọ́, ọkọ̀ ò dúró. Ọkọ̀ fún ẹsẹ̀ Rigo mọ́ òpó èbúté. A gbọ́ igbe rẹ̀ dé ìdí afárá ńlá tó gba orí odò kọjá.

Ọkọ̀ náà ò tíì ṣe tán. Ó lọ kọlu ìdí afárá, ó ya, ó sì ń mumi díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwọn apẹja gbé Màmá jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń tún gbólóhùn kan sọ ṣáá. Hortensia tó ti sáré dé ló túmọ̀ rẹ̀ fún Evelio, omijé lójú:

"Ó ní òun bi yín bóyá okùn ti so pinpin. Ó ní ẹ dá òun lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

4.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Rigo ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, kò ṣépè. Ó kàn béèrè pé:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni Màmá yẹn ní kí ẹ ṣe?"

"Ó ní kí n dè é."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo yára."

Rigo kọjú sí ògiri.

Màmá Winifred padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan. Kò sí òyìnbó tó tún fa okùn lé Evelio lọ́wọ́ mọ́. Ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń rù ní ìlú Morales báyìí. Hortensia ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, Evelio ló kù tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ìyá Yesenia, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Màá gbọ́ ọ tán." Ìyàwó á kàn máa jẹun lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra! Má fi orí ahọ́n gbọ́ èdè kó o ní o ti gbọ́ ọ dé ìdí. Ọ̀rọ̀ tó kéré jù lè ní ikùn tó tóbi jù. Bí nǹkan bá rú ọ lójú, béèrè, kódà bí gbogbo ayé ń wò ọ́. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ lára. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kì í hù padà.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń kó ara rẹ̀ sí wàhálà.