Ẹdùn Àrá Mẹ́rin Nínú Kòtò Nehemiah

Àbùmọ́ ni àrùn tó ń ṣe Nehemiah Adéjọbí, ará Ikeji-Arakeji. Bí ó bá pa òkété kan, ẹ ó gbọ́ pé mẹ́ta ni. Bí ajá bá gbó o lójú ọ̀nà, yóò ní ìkookò ló lé òun. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Nínú iṣẹ́ kòtò gbígbẹ́ tó ń ṣe, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní gbogbo àgbègbè náà. Òtítọ́ lásán ni kì í tó o jẹ.

Ní ọjọ́ kan, ó ń gbẹ́ ṣalángá sí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti wọlẹ̀ dé èjìká nígbà tí dígà rẹ̀ ba nǹkan, tó dún gbàn-ìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Òkúta dúdú kan ni, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ẹnu àáké.

"Yéè! Ẹdùn àrá!" Kò mọ ìgbà tó fò jáde nínú kòtò. Kó tó di ọ̀sán, ìdajì ìlú ti dúró síbẹ̀, wọ́n ń na ọrùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dókítà Àyànfẹ́olúwa, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń wà láti mọ ìtàn àwọn ará àtijọ́. Nígbà tó gba òkúta náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ò já láti ojú ọ̀run o. Èèyàn ló lọ̀ ọ́! Kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin í rọ, òun ni wọ́n fi ń gégi. Gbogbo irú rẹ̀ tí mo ti rí, ojúbọ ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Tiyín yìí, a mọ ilẹ̀ tó sùn sí!"

Ó ní òun àti àwọn èèyàn òun ń bọ̀ wá wa ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nehemiah ni yóò ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì kọ sára àpótí tí òkúta náà yóò wà ní mùsíọ́ọ̀mù. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kan inú kòtò yẹn mọ́."

Inú Nehemiah dùn dé góńgó. Àmọ́ nígbà tó délé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Ẹyọ kan péré! Bí wọ́n bá wà á tí wọn ò rí òmíràn ńkọ́? Ta ni yóò kọ orúkọ èèyàn nítorí òkúta kan?"

Làbákẹ́, ìyàwó rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tinú, bí a gún iyán nínú odó ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹyọ kan náà tó."

Kò tó Nehemiah. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Old Garage, ó forí lé ilé Ìyá Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń bọ Ṣàngó nínú ẹbí wọn. Ẹdùn àrá baba ńlá wọn wà lórí ọpọ́n ní yàrá rẹ̀, gbogbo ọjọ́ jàkúta ló sì ń ta epo sí wọn lára.

"Nehemiah mi! O mà jọ bàbá rẹ o!" Ìyá sáré lọ sẹ́yìnkùlé láti mú adìẹ fún àlejò rẹ̀. Kí ó tó mú adìẹ ọ̀hún, òkúta mẹ́rin ti wà nínú báàgì, lábẹ́ Bíbélì. Ọ̀gbẹ́ni náà sì jókòó, ó jẹ adìẹ!

Lọ́jọ́ kejì ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó rì wọ́n sínú kòtò, ó da tapólì bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Òkúta kan yọ, ariwo sọ! Ìkejì yọ, Nehemiah ń fò sókè: "Mo ti wí! Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí iṣu!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo èèrà tó tò lọ tò bọ̀ lára òkúta. Ó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, ó gbé e sí imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo pupa ni àwọn ará àtijọ́ yìí fi ń gégi ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó lọ sílẹ̀, fóònù Làbákẹ́, tó dúró láàárín èrò, dún. Ọjọ́ jàkúta ni, Ìyá Fẹ̀hìntọlá ti dé ìdí ọpọ́n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le débi pé gbogbo wọn ló gbọ́: "Làbákẹ́, bi ọkọ rẹ fún mi! Ẹdùn àrá baba wa dà?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Nehemiah ò tiẹ̀ lò ju ọjọ́ méjì lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Dókítà, mẹ́rin ni mo kó wá. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo fi Bíbélì búra, òótọ́ ni!"

"Mo gbà yín gbọ́," ni Dókítà wí, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tèmi ò tó. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa, ẹ sì ti dà á rú. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Kò sí olórí òṣìṣẹ́, kò sí orúkọ lára àpótí. Onílé gbé iṣẹ́ ṣalángá fún ẹlòmíràn. Nehemiah fúnra rẹ̀ ló ru ẹdùn àrá padà sí Òṣogbo. Ìyá gba àwọn òkúta náà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé, kò fún un lómi. Títí di òní, bí Nehemiah bá pariwo pé òjò ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó kó aṣọ tí wọ́n sá.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ tó yín, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá bu irọ́ mọ́ òtítọ́ kò sọ ọ́ di ńlá, ńṣe ló pa á. Ọlọ́run ti fi ohun iyì lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́ láìlágbàwí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bà á jẹ́. A-purọ́-níyì, ẹ̀tẹ́ ní í kángun sí.