Iná Aago Ọkọ̀ Ọ̀gá Olúsànyà

Ọ̀gá Olúsànyà tún ránṣẹ́ pe Lérè rewáyà nítorí iná aago inú ọkọ̀ rẹ̀. Iná kékeré ni, ó kàn ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sójú aago inú dáṣíbọ́ọ̀dù kí awakọ̀ lè mọ ohun tí aago wí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lérè ti pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tirẹ̀, ó ń tàn dáadáa. Ọ̀gá ní bàìbàì ló ń ṣe.

Gbogbo Òkìtìpupa ló mọ̀ pé ọkùnrin náà le. Ará Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá, òun ni ó ń bẹ àwọn ilé-ìwé wò láti Ìkọ̀yà dé Erínjẹ. Bí èèyàn juwọ́ sí i lójú títì, kò ní dáhùn. Ìyẹn kò tilẹ̀ dun Lérè. Ohun tó ń dùn ún ni ìwà tí ọkùnrin náà ń hù sí ìyàwó rẹ̀. Kò jẹ́ kí Bùsọ́lá dá lọ síbì kankan. Ibi tí ó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, iwájú ọkọ̀ ni Bùsọ́lá máa jókòó sí. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á di apá rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni mú olè, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí wọ́n á fi jókòó. Láàárín ọ̀rọ̀, á ṣàdédé bi í pé, "Bùsọ́lá, aago mélòó ló lù?" bẹ́ẹ̀ aago wà lọ́rùn ọwọ́ òun náà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní owú ló ń jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bùsọ́lá gbé omi wá fún Lérè nídìí ọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Lérè, ìyá mi ń kú lọ ní Iléṣà. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ bá a láyé, kí n tètè máa bọ̀."

"Ẹ ò sọ fún ọ̀gá ni, mà?"

"Mo sọ fún un. Ó ní ta ni yóò wá máa jókòó síwájú ọkọ̀."

Lérè pòṣé. Inú bí i débi pé ó gbàgbé omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀, kí wọ́n bá yín bá a sọ̀rọ̀."

"Ó ti mú mi búra. Ọ̀rọ̀ ilé wa ò gbọdọ̀ jáde." Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Mi ò kórìíra rẹ̀ o. Ó kàn ti sú mi ni. Bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo rí."

Ibẹ̀ ni Lérè ti ṣèlérí fún un. Àbúrò Lérè, Aníwúrà, tí ń wa takisí, yóò dúró dè é lẹ́yìn géètì. Iṣẹ́ ti Lérè ni láti mú ọkọ jókòó sínú ọkọ̀ títí ìyàwó á fi lọ.

"Jọ̀ọ́, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan," ni Bùsọ́lá wí.

"Ọwọ́ mi ló máa wà, mà. Kò ní lè lé yín."

Bùsọ́lá wò ó bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó sì gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Lérè dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó ní kí ọ̀gá jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀. Òun náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tú wáyà iná aago sílẹ̀.

"Sà, ẹ tẹjú mọ́ aago yẹn. Bó bá ti tàn, ẹ sọ fún mi."

"Tún un ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí," ni ọ̀gá wí. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn àríwísí."

Bùsọ́lá yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Lérè rò pé á gba ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ gan-an ló gbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára ọkọ rẹ̀ títí ó fi kọjá.  Lérè dijú, ó ń retí ariwo. Ariwo kò wá. Ọ̀gá ṣì kọjú sí aago bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Láìpẹ́, Lérè gbọ́ tí ọkọ̀ Aníwúrà gbéra, ìró rẹ̀ sì jìnnà lọ lójú ọ̀nà Oǹdó.

Inú Lérè dùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́ mọ́. Ó so wáyà náà padà. Gílóòbù tó mú wá lọ́tẹ̀ yìí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tàn yòò sí ọ̀gá ní imú àti iwájú orí. Lérè dúró kí ọ̀gá dúpẹ́ kóun lè máa lọ sílé.

Ọ̀gá Olúsànyà tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì aago tó ń tàn náà, ó sì kọ orí sí ọ̀nà ilé, ó pè pé, "Bùsọ́lá, wá bá mi wò ó, ṣé ó ti tàn?"