Ìdáhùn Àkọ́kọ́ Ni Wọ́n Ń Gbà

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń kó ìròyìn jọ fún rédíò máa ń fi fóònù pe gbogbo ìlú lórílẹ̀-èdè yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ mọ́ pé àwọn oníròyìn ń ṣe ojúsàájú. Ìbéèrè kan náà ni fún gbogbo wa, ìdáhùn àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń gbà.

Ìyá Oyèbísí ló ń dáhùn fún Òkè-Ìrókò. Ọdún kẹta rèé tí orúkọ ìlú wa kò jáde nínú ìròyìn.

Lánàá, ìjì ṣí òrùlé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Abẹ́ igi máńgòrò làwọn aboyún sùn. Bí kò bá sì sí nínú ìròyìn, ìjọba ò ní rán páànù.

"Ẹ ṣáà sọ pé kò dáa, mà," mo rọ Ìyá Oyèbísí.

"Mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ilé ńkọ́?"

Ẹ̀rọ ti pa fóònù.

Nígbà tí ìròyìn dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan tó sọnù létí òkun. Àwọn ìlú yòókù, wọ́n ní wọ́n dúpẹ́.

Ìyá Oyèbísí pòṣé. "Ṣé o rí wọn? Wọn ò fẹ́ràn wa."