Ìwé Tí Wọ́n Kà Nílé Opó

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin Yẹ̀kínnì, Àáfà Abdussalam bi àwọn ìyàwó rẹ̀ bóyá wọ́n ti forí jì í. Ìyá Mùíz tó jẹ́ ìyálé ní òun ti forí jì í. Aneesah, ìyàwó kejì, panu mọ́. Àáfà kò bá a jà. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá ń jáde nílé opó, n óò tún béèrè."

Lọ́sẹ̀ tí Yẹ̀kínnì máa kú, ó sọ fún àwọn méjèèjì pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá wọn sọ. Kò rí i sọ. Ṣùgbọ́n Aneesah ti mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń sùn sí Ìjọra, tó ń pè é ní iṣẹ́. Iṣẹ́ kì í fi òórùn tùràrí sára aṣọ.

Báyìí ni àwọn obìnrin méjì tí kì í jẹun pọ̀ ṣe di ẹni tí ń jókòó sí yàrá kan náà ní Múṣin, nínú aṣọ dúdú, láìkun tìróò, láìjáde. Kò pẹ́ tó fi sú wọn.

Adùnọlá ló gbà wọ́n. Olùkọ́ ni, ayálégbé tí Yẹ̀kínnì fún ní yàrá òdìkejì ní nǹkan bí oṣù kan kó tó kú. Ó máa ń sọ pé ilé náà dákẹ́ jù, pé oorun kò tíì mọ́ òun lára níbi tí kò sí ariwo ọkọ̀ ojú irin. Ó mú ìwé ìtàn kan wá, ó sì ń kà á sí wọn létí lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ìtàn ìlú kan ni, níbi tí oòrùn kì í là, tí ọba ń jẹ òjìji àwọn ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Àkọ́kọ́ sọ bí òun ṣe dúró níwájú fìtílà tí ògiri sì mọ́ kedere láìsí òjìji. Èkejì sọ bí òun ṣe ká òjìji tòun sínú ìkòkò. Ẹ̀kẹta kò sọ̀rọ̀. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn yòókù ń gbọ́ lóru.

"Àjẹ́ ni ìyẹn," Aneesah sọ. "Òun ló ń se òjìji wọn fún ọba."

"O ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀," Ìyá Mùíz ní.

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ẹni tó ń rìn lóru nílé onílé!"

Ìyá Mùíz rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ìwé ni o. Má lọ fọ́ ìwé létí." Ó yíjú sí Adùnọlá. "Ìwọ náà, ṣé àwa àgbà lo ó máa bá jókòó ṣáá ni? Ìwọ tí kò sẹ́ni tó há ọ mọ́lé. Múra, kun tìróò, lọ gba atẹ́gùn ní Sábó."

"Ó rẹ̀ mí, Àǹtí," Adùnọlá dáhùn. "Wọ́n ti fún mi láyè níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa kà á lọ."

Ó rẹ gbogbo wọn. Òjò rọ̀, ó dá. Àlejò dínkù. Ọba inú ìwé kú, ẹ̀kẹta ò tíì fọhùn.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde wọn ló fọhùn. Ó ní ọba sọ fún òun pé àwọn ìyàwó òun ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà. Ìgbà tí òun wọ ààfin ni òun tó mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń rìn lóru. Ẹnu ilẹ̀kùn wọn ni òun ń lọ, òun á dé ibẹ̀, òun á tún padà. Nígbà tí ọba kú, òun náà wo ògiri, òjìji òun ò sí níbẹ̀.

Ohùn Adùnọlá ń wọlẹ̀ lọ. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, kò sì ṣí ojú ìwé kankan. Aneesah ń fi etí ìbòrí nu ojú.

"Ká ní ẹ̀yin ni ìyàwó kejì yẹn, Àǹtí," Adùnọlá bi í, "ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

Aneesah rò ó títí. "Màá kọ́kọ́ bú u dáadáa," ó ní. "Lẹ́yìn náà, màá ṣí i."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Àáfà jókòó ní pálọ̀. Adùnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Àáfà béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ìyá Mùíz ní òun ti forí jì í tipẹ́. Aneesah mí kanlẹ̀.

"Mo ti forí jì í," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí. Kó máa lọ."

"Alhamdulilahi," Àáfà sọ, ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Adùnọlá, ìyàwó kékeré, ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti forí ji ọkọ rẹ?"